Èsì: Ìwé, orin àti fíìmù ìpànìyàn tiwa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹgbẹ́ àṣà yín fẹ́ jíròrò lórí ìwé, orin àti fíìmù ìpànìyàn lóṣù tó ń bọ̀, pé ti òyìnbó nìkan làwọn ọ̀rẹ́ yín ń dárúkọ, ṣé àwa ò ní tiwa ni.

A ní in dáadáa! Ní ti ìwé, Kọ́lá Akínlàdé, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú: *Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?* tàbí *Owó Ẹ̀jẹ̀*. *Àjà Ló Lẹrù* (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí náà dùn, Lápàdé tó ń tọpa ọ̀daràn níbẹ̀ àti Tàfá Ìgírípá ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ló pọ̀ níbẹ̀.

Ti Àyìnlá Ọmọwúrà gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì, torí orin àti fíìmù pàdé níbẹ̀. Ilé ọtí kan l'Abẹ́òkúta ni ọ̀gá àpàlà yìí ti bá mánéjà rẹ̀ àtijọ́ jà ní May 6, 1980; ife bíà ló ba Àyìnlá lórí, ó sì gbabẹ̀ kú. Kò sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan nínú ìyẹn, ojú ayé ló ti ṣẹlẹ̀. Túndé Kèlání wá fi ṣe fíìmù *Ayinla* ní 2021. Ẹ gbọ́ àwo rẹ̀ kan ná, níbi tó ti ń fi orin na àwọn alátakò rẹ̀ lẹ́gba, kẹ́ ẹ tó tan fíìmù.

Ẹni tó bá sì ti ka Akínlàdé tán, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un kó má dárúkọ apànìyàn o!