Ọmọ tí a bí sí Ìbàdàn, ṣé ó lè ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Houston ni wọ́n bí ìyàwó mi sí, ibẹ̀ ló sì gbé títí ó fi pé ẹni ọdún 24 kí ó tó wá fẹ́ mi. Ìbàdàn níbí ló bí àkọ́bí wa sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ náà kò lè ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà láéláé, nítorí pé wọn kò bí i sórí ilẹ̀ wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n yín ti dá ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà kò tíì dá. Òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ ní 1787 ní kí ẹni tí yóò ṣe ààrẹ jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, kí ó ti pé ẹni ọdún 35, kí ó sì ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 14, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti túmọ̀ “ọmọ bíbí”. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìbàdàn, ọmọ bíbí Ìbàdàn ni, ì báà jẹ́ Kano ni wọ́n bí i sí, torí agbo ilé la fi ń mọ̀ ọ́n. Òfin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí àwọn tó kọ tiwọn kọ́, ilẹ̀ tí ọmọ bọ́ sí ló kọ́kọ́ ń wò. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1790, àwọn aṣòfin wọn pàṣẹ pé kí wọ́n ka ọmọ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn bá bí sókè òkun sí ọmọ bíbí. Nígbà tí wọ́n fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1795, wọ́n yọ “bíbí” kúrò, ó ku “ọmọ ilẹ̀” lásán. Títí di òní, apá kan ń fi ti àkọ́kọ́ jà, apá kejì ń fi ti ìkẹyìn dá a lóhùn. Nígbà tí John McCain, tí wọ́n bí sí Panama ní 1936, du ipò náà ní 2008, àwọn sẹ́nétọ̀ fẹnu kò pé ọmọ bíbí ni, àmọ́ ìpinnu sẹ́nétọ̀ kì í ṣe ìdájọ́. Ọ̀rọ̀ Ted Cruz, tí òun náà du ipò ààrẹ, ló sún mọ́ tiyín jù: Calgary ní Kánádà ni wọ́n bí i sí ní 1970, ìyá rẹ̀ nìkan ló jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, Kúbà ni bàbá rẹ̀ ti wá. Wọ́n pè é lẹ́jọ́ lóríṣiríṣi ní 2016, kò sì sí èyí tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdìbò.

Lójú tèmi, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ òfin níbẹ̀ náà sì fara mọ́, ẹni tó ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, tí kò sí pé ó ń búra kí wọ́n tó gbà á, ọmọ bíbí ni. Èyí ló fi jẹ́ pé ẹ̀rí pé ọmọ yín ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ láti ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni kí ẹ wá báyìí. Òfin ní kí ìyá ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún 5 ó kéré tán ṣáájú ìbí, kí ọdún 2 nínú rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́yìn tó pé ẹni ọdún 14. Ìyàwó yín ti kọjá bẹ́ẹ̀. Kí ó kó ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìwé owó orí rẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó yín lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Èkó, kí wọ́n fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí sókè òkun, kí ó tó pé ẹni ọdún 18. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gba fọ́ọ̀mù tí àjèjì fi ń di ọmọ ilẹ̀ fún un, ẹ má gbà á.