Ṣé iPhone 17 Pro tó £1,099, ṣé ó sì yẹ kí n fọwọ́ sí àdéhùn ọdún méjì nítorí rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùtọ́jú àwọn arúgbó ni mí ní Manchester, mo ti lo ọdún mẹ́ta ní ìlú yìí. iPhone 12 ni mò ń lò, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kì í gbé mi dé ọ̀sán mọ́. Gbogbo ará ibi iṣẹ́ wa ló ń sọ̀rọ̀ iPhone 17 Pro. Ṣọ́ọ̀bù nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ní kí n san £50 sílẹ̀, kí n sì máa san £65 lóṣooṣù fún oṣù 24, dátà 100GB wà nínú rẹ̀. Mo fi fọ́tò bébà àdéhùn náà ránṣẹ́ sí yín. Ṣé fóònù náà tó owó yìí, ṣé àdéhùn náà sì dára? Mo ní in lọ́kàn pé tó bá yá, n óò fi fóònù náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìbàdàn. Ṣé yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá iṣẹ́, ẹ sì ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ta fóònù lẹ́yìn káńtà ní Ìlú Ọba kí n tó di ẹni tó ń gba àwọn oníbàárà nímọ̀ràn, mo sì lè sọ fún yín pé ọjà méjì ni ṣọ́ọ̀bù yẹn fẹ́ tà fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye owó kan ṣoṣo ni wọ́n dá lé e. Fóònù jẹ́ ọjà kan. Ìlà tí ẹ fi ń pe èèyàn, tí ẹ sì fi ń lo dátà, jẹ́ ọjà mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá di méjèèjì sínú àpò kan, tí wọ́n kọ £65 sára àpò náà, ẹni tó ń rà kò lè mọ èyí tí wọ́n fi owó lé nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká tú àpò náà, ká wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni Apple fi iPhone 17 han aráyé, ọjọ́ 19 oṣù náà ló sì dé orí igbá. Ní Ìlú Ọba níbí, iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta iPhone 17 Pro tó ní àyè ìpamọ́ 256GB ni £1,099. iPhone 17 lásán, tí òun náà ní 256GB, jẹ́ £799. iPhone 16, tó jáde ní ọdún tó ṣáájú pẹ̀lú àyè 128GB, já sí £699 bí tuntun ṣe dé.

Ẹ wá wo bébà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n kọ £65 ní lẹ́tà gàdàgbà, ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké tí èèyàn gbọ́dọ̀ fa bébà súnmọ́ ojú kó tó rí i kà, wọ́n kọ ọ́ pé owó oṣù yóò máa fi £2.50 gòkè ní gbogbo oṣù Kẹrin. Wọn kò rú òfin. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2025 ni Ofcom, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Ìlú Ọba, ti pàṣẹ pé bí owó yóò bá gòkè láàárín àdéhùn tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ iye pọ́n-ùn àti pẹ́ńsì tí yóò jẹ́ kí oníbàárà tó fọwọ́ sí i. Ṣáájú àṣẹ náà, ọ̀wọ́n gógó ọjà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń fi ṣe ìwọ̀n, tí wọ́n tún ń fi nǹkan lé e. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, owó àwọn oníbàárà kan fi ohun tó lé ní ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lójijì, wọn kò sì lè jáde láìsan owó ìtanràn. Àṣẹ tuntun yìí dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ka ìlà kékeré yẹn kò ní jàǹfààní rẹ̀.

Mo bá yín ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ẹ óò fi san £65, ìyẹn £390. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2026, ó di £67.50 fún oṣù 12, ìyẹn £810. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2027, ó di £70 fún oṣù mẹ́fà tó kù, ìyẹn £420. Bí a bá ro £50 tí ẹ kọ́kọ́ san mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ £1,670. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ ra fóònù yìí kan náà ní £1,099 lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ sì gba síìmù nìkan, láìsí fóònù, ní £10 lóṣù, £240 ni ìlà yóò gbà lọ́wọ́ yín láàárín ọdún méjì, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ £1,339. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ £331. Owó ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ẹ ń san nítorí pé wọ́n gbà kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, wọn kò sì pè é ní èlé níbì kankan nínú bébà náà.

Wọn óò sọ fún yín pé dátà 100GB ni owó náà wà fún. Ẹ ṣí Settings lórí fóònù tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ wo iye dátà tí ẹ ń lò lóṣù. Ẹni tó ní Wi-Fi nílé, tó tún ní in níbi iṣẹ́, kì í sábà lò tó ìdá kan nínú mẹ́rin 100GB, síìmù olówó pọ́ọ́kú sì ń gbé ìyẹn láìsí wàhálà.

Nípa fóònù náà fúnra rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín: ó dára gan-an ni. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni ohun tí £300 tó wà láàárín Pro àti èyí lásán máa ṣe fún yín. Ní ọdún 2024, mo lè gba èèyàn níyànjú láti ra Pro nítorí ojú fóònù nìkan, torí pé ti iPhone 16 lásán kò yọ̀ lábẹ́ ìka bíi ti Pro. Ní ọdún 2025, Apple fún iPhone 17 lásán ní irú ojú tí Pro ní, wọ́n sọ àyè ìpamọ́ rẹ̀ di ìlọ́po méjì, wọn kò sì fi kọ́bọ̀ lé owó rẹ̀ ní Ìlú Ọba. Kámẹ́rà iwájú wọn kò yàtọ̀. Ohun tó kù tí ojú lè rí ni kámẹ́rà kẹta tó wà lẹ́yìn Pro, èyí tó ń fa ohun tó wà lọ́nà jíjìn súnmọ́ni ní ìlọ́po mẹ́rin.

Mo gbé méjèèjì lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan kí n lè wò wọ́n dáadáa. Nígbà tí mo dúró ti tábìlì, tí mo ya àwo iyọ̀, oyin àti ataare, mo fi fọ́tò méjèèjì han èèyàn mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó lè sọ èyí tí Pro yà nínú wọn. Lẹ́yìn náà mo lọ dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, mo sì ya bàbá àgbà bó ṣe ń fi oyin kan ọmọ náà lẹ́nu. Nínú fọ́tò tí Pro yà, ẹ lè ka ìlà iwájú orí bàbá náà, ẹ sì lè rí oyin tó ń dán ní ìka rẹ̀. Èyí tí iPhone 17 lásán yà dà bí ohun tí èèyàn wò gba inú èéfín. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ẹ máa ń ya àwọn ọmọ yín láti ìjókòó ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré nílé ẹ̀kọ́, tàbí pé ẹ ń fi fọ́tò jẹun, Pro tó owó rẹ̀. Bó bá jẹ́ WhatsApp, ìpè sílé, fídíò àti owó fífi ránṣẹ́ ni, £300 náà kò ní ṣe ohunkóhun tí ẹ óò mọ̀ lára.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, mo ní ọ̀rọ̀ kan lórí iPhone 12 yín, mo sì mọ̀ pé kì í dùn létí ẹni tó ti fojú sí tuntun. Bátìrì ló ń yọ yín lẹ́nu, kì í ṣe fóònù. Ẹ lọ sí Battery nínú Settings, ẹ wo ìlera rẹ̀. Bó bá ti wálẹ̀ kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, Apple fúnra wọn gbà pé ó tó pààrọ̀. Owó tí wọ́n ń gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá £1,099. iPhone 12 ṣì gba iOS 26, ìyẹn ètò tó ń darí iPhone, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nítorí náà kò tíì di ohun àpatì. Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn: ẹ pààrọ̀ bátìrì, kí ẹ sì máa tọ́jú owó fóònù pamọ́ fún ọdún kan.

Bí ọkàn yín kò bá gbà, ẹ ra iPhone 17 lásán, kí ẹ sì gba síìmù lọ́tọ̀. Bí £799 kò bá sí nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wá ṣọ́ọ̀bù tó ń ta á láwìn láìgba èlé. Bí wọ́n bá pín £799 sí oṣù 24, ó jẹ́ £33.29 lóṣù, ẹ fi £10 síìmù lé e, ó di £43.29, owó kankan kò sì ní gòkè lórí fóònù náà ní oṣù Kẹrin. Bí oṣù 24 bá pé, fóònù ti di tiyín pátápátá, owó síìmù nìkan ló kù. Àdéhùn tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọdún méjì bá pé tí ẹ dákẹ́, wọ́n lè máa gba £70 yẹn lọ bí ẹni pé ẹ kò tíì san owó fóònù tán. Láti oṣù Kejì ọdún 2020 ló ti di dandan kí wọ́n kọ̀wé sí yín kí àdéhùn tó parí, ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó pa irú ìwé bẹ́ẹ̀ tì sáàárín ìpolówó ọjà. Ẹ ṣáà kọ lẹ́tà mẹ́ta yìí, PAC, sínú àtẹ̀jíṣẹ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 65075 lọ́jọ́ tó bá parí, wọn óò fún yín ní nọ́ńbà tí ẹ óò fi gbé ìlà yín lọ sí ibòmíràn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù fún ẹni tó jẹ́ ọdún mẹ́ta péré ló lò níbí ni àkọsílẹ̀ ìyáwó, ìyẹn ìwé tó ń fi bí èèyàn ṣe ń san gbèsè hàn. Àdéhùn fóònù máa ń wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá san án déédéé, ó lè ràn yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí gbèsè bá ṣẹ́lẹ̀ débi tí wọ́n fi kéde pé ẹ kùnà, ọdún mẹ́fà ni ìkùnà náà yóò fi wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ yá yín lówó ilé lọ́la yóò sì rí i. Bí iṣẹ́ bá dín kù tí ẹ sì fẹ́ jáde láàárín ọdún méjì, wọ́n lè ní kí ẹ san èyí tó pọ̀ jù nínú owó oṣù tó kù. Ẹ tún kíyè sí i pé ọjọ́ 14 tí òfin fún oníbàárà láti yí ọkàn padà wà fún ohun tí èèyàn rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí fóònù. Ẹni tó fọwọ́ sí i nínú ṣọ́ọ̀bù kò ní ẹ̀tọ́ yẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀ kí owó má baà gòkè lọ́la, ẹ gba bébà náà lọ sílé.

Ní ti Ìbàdàn, ẹ fọkàn balẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni Ofcom kò ti gbà kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ta fóònù tí wọ́n ti tì mọ́ síìmù tiwọn, nítorí náà síìmù MTN tàbí Airtel yóò ṣiṣẹ́ nínú èyí tí ẹ bá rà níbí. iPhone 17 àti Pro tí wọ́n ń tà ní Ìlú Ọba ṣì ní ojú ihò síìmù. iPhone Air kò ní in rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn iPhone tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti orí iPhone 14. Ẹ kíyè sí ìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá yín ra ti ọ̀hún, torí pé àbúrò yín kò ní lè yọ síìmù rẹ̀ kó sì kì í bọ̀ ọ́ bó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má fi èyí tí ẹ kò tíì san owó rẹ̀ tán ránṣẹ́, nítorí bí ìsanwó bá dúró, wọ́n lè dí nọ́ńbà IMEI rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, orúkọ yín ni gbèsè náà yóò sì wà lé lórí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ dì í, ẹ kọ́kọ́ jáde kúrò nínú àkáǹtì Apple yín lórí fóònù náà, kí ẹ sì nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà tiyín ni yóò máa béèrè lọ́wọ́ àbúrò yín, kò sì ní ṣí fún un.