Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìwé ẹ̀rí ìṣirò owó pọ̀ lọ́wọ́ mi, báwo ni kí n ṣe tò ó?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Akáǹtáǹtì ni mí. Mo ní ACA (oyè ọmọ ẹgbẹ́) láti ọ̀dọ̀ ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì Nàìjíríà, mo yege ìdánwò CISA (ti àyẹ̀wò ètò kọ̀ǹpútà) lọ́dún tó kọjá, mo sì ti yege ìpele kejì CFA (ti ìdókòwò). Ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Excel àti IFRS (ìlànà àgbáyé fún ìṣirò owó) tó wà lọ́wọ́ mi lọ bíi rẹrẹ. Bí ọdún ṣe tẹ̀ léra ni mo tò wọ́n sínú CV mi, àmọ́ ẹni tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ní òun ò mọ èwo ni pàtàkì níbẹ̀. (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìforítì. Àṣẹ tí ìwé kọ̀ọ̀kan fún yín ni kí ẹ fi tò wọ́n, ẹ fi ti ọdún sílẹ̀.

Ti ẹgbẹ́ tí òfin Nàìjíríà gbé dúró ló ń lọ sókè pátápátá: ICAN (òfin 1965), ANAN tó jẹ́ ẹgbẹ́ akáǹtáǹtì kejì (1993), àti CITN tó jẹ́ ti àwọn onímọ̀ owó orí (1992). Tí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Financial Reporting Council (FRC), àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìwé ìṣirò owó, ẹ kọ nọ́ńbà FRC yín tẹ̀ lé ACA, torí ẹni tó bá máa fọwọ́ sí ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní i.

Ìwé ẹ̀rí àgbáyé ló kàn, ẹ sì fi irú iṣẹ́ pín in: CIA fún àyẹ̀wò ìwé nínú ilé-iṣẹ́, CISA fún àyẹ̀wò ètò kọ̀ǹpútà, CFA fún ìdókòwò, FRM fún ewu owó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ẹni tó yege ìdánwò kò tíì di ọmọ ẹgbẹ́. ISACA, àjọ tó ń fúnni ní CISA, ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún márùn-ún (wọ́n lè yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tó kàwé), ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè fún CISA láàárín ọdún márùn-ún tí ẹ yege. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìdánwò yẹn ti ṣòfò nìyẹn. Títí dìgbà náà, ẹ kọ pé ẹ yege ìdánwò náà, ẹ má fi CISA sẹ́yìn orúkọ. Bákan náà ni CFA: CFA Institute, àjọ tó ń fúnni ní in, kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ “CFA Level II” bí oyè. Kódà ẹni tó yege ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ní láti ní wákàtí iṣẹ́ 4,000, ó kéré tán láàárín oṣù 36. A bẹ̀ yín, ẹ má fi èyí ṣeré. Oyè tí kò tíì jẹ́ tiyín lè ba orúkọ rere jẹ́.

Nínú ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mẹ́ta tó bá iṣẹ́ náà mu ti tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú ìwé Excel kan: orúkọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ ìgbaniwọlé, ọjọ́ owó ọdọọdún, wákàtí ẹ̀kọ́. Tí CISA bá ti jẹ́ tiyín, ẹ gbọ́dọ̀ ní wákàtí ẹ̀kọ́ 20 ó kéré tán lọ́dún, àti 120 lọ́dún mẹ́ta. Àwọn ìwé Excel àti IFRS tí ẹ yọ kúrò nínú CV, ẹ má sọ wọ́n nù.

Ìbéèrè: Orúkọ bàbá mi ló wà lórí ìwé ICAN mi, orúkọ ọkọ ló wà lórí NIN. Ṣé wàhálà wà níbẹ̀? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ó wà, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdánwò àgbáyé: orúkọ tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá káàdì ìdánimọ̀ mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ̀wé sí ICAN kí wọ́n tún orúkọ ṣe, kí ẹ fi ìwé ìgbéyàwó àti ìkéde inú ìwé ìròyìn ti í. Ẹ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé ẹ̀rí náà nínú PDF kan ṣoṣo.