Kò sí SP3 fún Windows 7: ẹ má gbé dísìkì yẹn sórí ẹ̀rọ míì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọ̀fà ni mo wà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń bá èèyàn tẹ lẹ́tà, tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí àwọn ọmọ iléèwé sì ti ń wá tẹ ìwé ìgbàwọlé wọn jáde. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, Windows 7 ni gbogbo wọn ń lò. Owó dátà ń pa mí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ń fa update tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹnì kan ta dísìkì kan fún mi ní Ìlọrin, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé Windows 7 SP3 ni, pé gbogbo update ti wà nínú rẹ̀, pé kò ní béèrè key, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn pé a ra Windows. Mo ti gbé e sórí ọ̀kan, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó tiẹ̀ yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé kí n gbé e sórí márùn-ún tó kù? Àbí ẹ lè kọ́ mi bí èmi náà ṣe máa kó service pack sínú dísìkì tí mo ní tẹ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má gbé e sórí márùn-ún tó kù o. Ẹ jọ̀ọ́. A máa dé orí bí wọ́n ṣe ń kó service pack sínú dísìkì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dísìkì tẹ́ ẹ rà yìí ló jẹ mí lógún jù, nítorí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ bi mí. Láti Tánkẹ̀ títí dé Òmù-Àrán, àwọn èèyàn ń fi irú dísìkì yìí sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jẹun, ó sì ń bí mi nínú, torí ẹni tó tà á kì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Windows 7 kò ní SP3, ìyẹn Service Pack kẹta. Kò tiẹ̀ ní SP2. Ọdún 2009 ni Microsoft gbé Windows 7 jáde, oṣù kejì ọdún 2011 ni Service Pack 1 rẹ̀ dé, òun nìkan náà ló sì ní. Windows XP ló ní mẹ́ta: èyí àkọ́kọ́ ní 2002, èkejì ní 2004, ẹ̀kẹta ní 2008. Ẹni tó bá kọ SP3 sára Windows 7, bóyá kò mọ ohun tó ń tà, bóyá ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa, ó kàn mọ̀ pé oníbàárà òun kò mọ̀ ni.

Service pack kì í ṣe idán. Àkójọ àtúnṣe ni: Microsoft á kó gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ti fi dí ihò tí kòkòrò lè gbà wọlé láti ọjọ́ pípẹ́ pọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo. Kí a kó o sínú dísìkì túmọ̀ sí pé a mú àtúnṣe yẹn wọ inú fáìlì Windows kí a tó gbé e sórí ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ lè jí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú àtúnṣe lára. Ìdí gidi wà fún un. Ní 2003, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Blaster jáde. Ní 2004, Sasser tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá gbé XP àtijọ́ sórí ẹ̀rọ nígbà náà, tẹ́ ẹ sì so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì láì sí ohun tó dáàbò bò ó, kòkòrò lè wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí update tẹ́ ẹ ń fà tó parí. Ìdí nìyẹn tí àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi máa ń kó service pack sínú dísìkì wa ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Nígbà tá a bá ń ṣe é fúnra wa, àwa la mọ ibi tí fáìlì ti wá, ọwọ́ wa ló sì wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ẹlòmíì bá ṣe é, tó tà á fún yín nínú nylon, ohun tó fi sí i ni ẹ̀ ń gbé sílé. Ẹni tó ra àgbo inú ike lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí kò lè fojú mọ ewé tí wọ́n fi sè é. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fáìlì ńlá tí wọ́n ń pè ní install.wim tó wà nínú dísìkì yẹn. Inú rẹ̀ ni gbogbo Windows wà, ẹni tó bá sì ti ṣí i lè fi ohunkóhun sí i, kó dì í padà, kí ẹ má rí nǹkan kan.

Ẹ lè fojú ara yín rí díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi dísìkì náà sínú ẹ̀rọ tó ti tàn, ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí i bíi fódà lásán, ẹ wọ inú fódà sources. Tẹ́ ẹ bá rí fódà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ $OEM$ níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíì ti wọ inú dísìkì náà, torí kì í sí nínú dísìkì Microsoft fúnra wọn. Ẹ máa ṣí fódà tó wà nínú rẹ̀ lọ títí ẹ ó fi kan fáìlì SetupComplete.cmd. Ẹ fi Notepad ṣí i, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìlà tó wà nínú rẹ̀ ni Windows máa ń mú ṣẹ ní ìparí ìgbékalẹ̀, kó tó gbé ojú ìwọlé wá fún yín, pẹ̀lú àṣẹ tó ju ti ẹni tó ni ẹ̀rọ lọ. Àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù náà máa ń lo fáìlì yìí láti gbé driver wọn, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, sí i, kì í ṣe pé ó burú lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú dísìkì ìgboro, ibẹ̀ ni ohun tí kì í jẹ́ kó béèrè key sábà máa ń wà, ibẹ̀ náà sì ni ohun míì lè gbà wọlé. Tẹ́ ẹ kò bá rí i rárá, ìyẹn náà kò wẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo ti sọ ti install.wim.

Ẹ ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo gbà. Olè tó fẹ́ máa wo ohun tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ kò fẹ́ kí ẹ̀rọ yín bàjẹ́, ó fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ ni. Pé ó yára, Windows tuntun máa ń yára lórí ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ọ̀mátì, kódà èyí tó bá jẹ́ ojúlówó. Tí wọ́n bá sì tún kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus, wọ́n á ní antivirus kàn ń ṣe àṣejù ni, pé ohun tí kì í jẹ́ kó béèrè key ló ń bẹ̀rù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ nígbà míì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti èmi kò ní ọ̀nà tá a fi lè mọ èyí tó jẹ́ àṣejù àti èyí tó jẹ́ òdodo, ohun tí ẹni tó ń ta dísìkì náà sì gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn. Àwọn kan á tún sọ pé àwọn fi antivirus yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìgbà náà, kò rí nǹkan. Antivirus tí a gbé sórí Windows tí wọ́n ti bàjẹ́ láti ìpìlẹ̀, ohun tí Windows náà bá fi hàn án ló ń rí.

Iṣẹ́ yín gan-an ló jẹ́ kó ká mi lára. Àwọn ọmọ tó ń wá tẹ ìwé ìgbàwọlé ń tẹ password wọn síbẹ̀. Ẹlòmíì á mú nọ́ńbà NIN rẹ̀ wá, ẹlòmíì BVN, ẹlòmíì á ṣí ímeèlì rẹ̀ kó lè fi lẹ́tà ránṣẹ́. Wọn kò mọ dísìkì tẹ́ ẹ lò. Ẹ̀yin ni wọ́n gbà gbọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ohun tẹ́ ẹ bi mí gan-an. Dátà ni ìṣòro yín, kì í ṣe dísìkì. Ẹ kò nílò láti kó nǹkan kan sínú dísìkì kí ẹ tó lè yanjú rẹ̀. Ẹ fa update náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti Microsoft Update Catalog, ojúewé Microsoft tí update wọn wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ kó o sórí flash, kí ẹ sì fi flash kan náà ṣe gbogbo ẹ̀rọ. Service Pack 1, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ KB976932, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́gábáìtì 540 fún ẹ̀rọ 32-bit, ó sì tó nǹkan bíi 900 fún 64-bit. Tí ẹ̀rọ 64-bit mẹ́fà bá ń fa odindi fáìlì yìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó lé ní gígábáìtì márùn-ún. Lórí flash, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Lẹ́yìn SP1, ẹ gbé àtúnṣe KB3020369 sí i, lẹ́yìn náà KB3125574, tí Microsoft gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2016. Òun ló kó púpọ̀ nínú àtúnṣe tó wáyé lẹ́yìn SP1 títí di oṣù kẹrin ọdún náà pọ̀ sójú kan. Ẹ má yí wọn po: tí ti àkọ́kọ́ kò bá sí níbẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e kò ní gbà. Kẹ́ ẹ tó ṣí fáìlì SP1, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ wọ Properties, ẹ wo Digital Signatures. Orúkọ Microsoft gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ jù ú nù.

Tó bá ṣì wù yín láti ṣe dísìkì tiyín, ẹ mọ̀ pé Windows 7 kò rí bíi XP. Lórí XP, ẹ kàn máa kó dísìkì sínú fódà, ẹ ó wá fi /integrate darí fáìlì SP3 sí fódà náà, ó parí. Microsoft kò fàyè gba irú ìyẹn fún SP1 ti Windows 7. Dísìkì tí SP1 ti wà nínú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn lẹ máa wá, kí key tó wà lára ẹ̀rọ yín sì bá ẹ̀yà Windows náà mu. KB3020369 àti KB3125574 lẹ lè wá fi DISM, irinṣẹ́ Microsoft tí a fi ń tún fáìlì Windows ṣe, kó sínú install.wim rẹ̀: ẹ fi /Mount-Wim ṣí i sínú fódà tó ṣófo, ẹ fi /Add-Package kó fáìlì sí i, ẹ fi /Unmount-Wim pẹ̀lú /Commit tì í padà. Ẹ̀dà lẹ máa fi ṣe é, kì í ṣe fáìlì tẹ́ ẹ ní gan-an, ẹ sì rí i pé UPS ní agbára, torí tí NEPA bá mú iná lọ nígbà tó ń tì í, fáìlì náà lè bàjẹ́. Kò ní bá yín kó driver o. Tí ẹ̀rọ bá jẹ́ èyí tó ní USB 3 nìkan, máòsì àti kíbọ́ọ̀dù lè má ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé Windows 7 sí i.

Mi ò lè fi ibí yìí sílẹ̀ láì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020 ni Microsoft jáwọ́ nínú Windows 7. Chrome pàápàá kò kọjá ẹ̀dà 109 lórí rẹ̀. Kò sí dísìkì tó lè dí ihò tí wọ́n rí lẹ́yìn tí Microsoft jáwọ́, ì báà jẹ́ èmi ni mo ṣe é. Nítorí náà, ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sílẹ̀ lórí Windows 7, ẹ jẹ́ kó máa tẹ lẹ́tà, kó máa tẹ̀wé jáde, kó má ṣe kan íńtánẹ́ẹ̀tì. Fún èyí tí oníbàárà á fi wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, tí kò bá ní TPM 2.0, ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà tí Windows 11 ń béèrè, ẹ lè fi Linux Mint rọ́pò Windows: kì í gba owó, LibreOffice tí a fi ń tẹ lẹ́tà wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń ṣí ọ̀pọ̀ fáìlì Word, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà lè yẹ̀ díẹ̀ nínú àwọn kan. Ẹ dán an wò láti orí flash ná, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín, kẹ́ ẹ tó gbé e sí i. Mi ò rí ẹ̀rọ yín, nítorí náà mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo rẹ̀ á gbà.

Ní ti ẹ̀rọ kan tẹ́ ẹ ti gbé dísìkì yẹn sí, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lónìí. Ẹ kó ìwé àti àwòrán oníbàárà nìkan sórí flash, ẹ má kó fáìlì .exe kankan, kẹ́ ẹ sì pa gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì líle náà rẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé Windows míì sí i. Gbogbo password tẹ́ ẹ ti tẹ̀ lórí rẹ̀, ti ímeèlì, ti báńkì, ẹ fi fóònù yín yí wọn padà. Tẹ́ ẹ bá rántí àwọn ọmọ tó ti lo ẹ̀rọ náà, ẹ pè wọ́n, ẹ ní kí àwọn náà yí tiwọn.