Ṣé 91 inú ìwé ọkọ̀ mi náà ni 91 ilé epo wa?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ni mí ní Ìsánlú. Mo ra Acura MDX tòkunbọ̀ ọdún 2005 kan tó ti Amẹ́ríkà wá. Ìwé tó bá a wá ní kí n máa ra epo tí ọ́ktéènì rẹ̀ jẹ́ 91 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo béèrè ní ilé epo, wọ́n ní 91 náà ni tiwọn, kí n fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kó èrò àti iṣu, tí mo forí lé Lọ́kọ́jà, ẹ́ńjìnnì á máa dún ṣakaṣaka nígbà tí mo bá ń gun òkè. Ẹnìkan ní kí n máa da oògùn inú ìgò sí epo, ẹlòmíràn ní kí n máa sọ kafúrà sínú táǹkì. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o, Tíṣà wa. Ẹ kú ìnáwó ọkọ̀. Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ọmọ ilé epo kò parọ́ fún yín, ìwé ọkọ̀ yín náà kò sì parọ́. Òṣùwọ̀n wọn ló yàtọ̀ síra. Bí ẹni méjì bá jọ ra ẹ̀wà “mẹ́wàá”, tí ọ̀kan fi kóńgò wọ̀n ọ́n, tí èkejì fi mudu wọ̀n ọ́n, ẹ mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbé délé kò ní dọ́gba.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń dán epo bẹntiróòlù wò kí wọ́n tó mọ ọ́ktéènì rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó láìgbiná fúnra rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ RON, èkejì ń jẹ́ MON. Inú ooru àti eré tó le jù ni wọ́n ti ń wá MON, nítorí náà nọ́ńbà tirẹ̀ máa ń kéré sí ti RON. Àwa ní Nàìjíríà ń ka RON nìkan, bí àwọn ará Yúróòpù ti ń ṣe. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn a máa ro méjèèjì pọ̀, wọn a sì pín in sí méjì. Bí ẹ bá rí (R+M)/2 níbi kan nínú ìwé yín tàbí lára ìdérí táǹkì, òun nìyẹn. Tí a bá fi wọ́n wéra, 87 ti Amẹ́ríkà súnmọ́ 91 tiwa, 91 tiwọn sì tó bíi 95 sí 96 tiwa. Epo tí ìwé yín ń béèrè ju èyí tí wọ́n ń tà ní Kabba, ní Mọ̀pà tàbí ní Lọ́kọ́jà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà kan náà ni wọ́n kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun Corolla tàbí Camry onísílíńdà mẹ́rin tí ìwé rẹ̀ kọ 87, epo wa tó yín. Ẹ máa gun ọkọ̀ yín lọ.

Kí ni nọ́ńbà yìí ń ṣe gan-an? Nínú sílíńdà, písítìnì á fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀, púlọ́ọ̀gì á wá ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì kan lè fún un títí yóò fi di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án, òmíràn á fún un dé ìdá kan nínú mọ́kànlá. Ó yẹ kí iná máa jó láti ẹnu púlọ́ọ̀gì títí yóò fi kan ògiri. Bí ọ́ktéènì bá kéré sí ohun tí ẹ́ńjìnnì fẹ́, epo tó wà ní kọ̀rọ̀ kò ní dúró de iná yẹn. Ooru àti ìfúnpọ̀ á mú un gbiná fúnra rẹ̀ lójijì, agbára rẹ̀ á sì máa gbá ògiri sílíńdà. Ìyẹn ni ṣakaṣaka tí ẹ ń gbọ́. Bí èyí bá pẹ́ lára ẹ́ńjìnnì, tí a bá tú u, a ó rí i pé etí orí písítìnì ti jẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ibi tí rìǹgì jókòó sí ti ya, rìǹgì fúnra rẹ̀ á sì ti kán. Owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ fojú kéré ariwo náà.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má rò pé epo tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ló lágbára jù, tàbí pé òun ló mọ́ jù. Nọ́ńbà yìí kò sọ ju bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó láìgbiná fúnra rẹ̀. Ẹ ó rántí epo tí wọ́n kó wọ Nàìjíríà, tí ìjọba ní oṣù Kejì ọdún 2022 ní kí wọ́n kó kúrò lọ́jà nítorí mẹ́táńọ́ọ̀lù tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ́ktéènì mẹ́táńọ́ọ̀lù ju 100 lọ, síbẹ̀ epo yẹn ba ọkọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ẹni tó bá ní Corolla, tó ń wá epo olówó gọbọi kiri, owó rẹ̀ ló ń sun.

Ó wá ku ọkọ̀ tiyín. Àwọn tó ṣe é ti fi sẹ́ńsọ̀ kan sára ẹ́ńjìnnì tó máa ń gbọ́ ariwo yìí. Bó bá ti gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á mú kí púlọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣáná. Ariwo á lọ sílẹ̀, agbára ọkọ̀ á dín díẹ̀, á sì máa jẹ epo díẹ̀ sí i. Nítorí èyí, bí ẹ́ńjìnnì yín bá le, tí epo yín sì mọ́, ó yẹ kó fara da epo wa, kó kàn dún fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó sì dákẹ́. Ti yín ń dún ní gbogbo òkè. Èmi ò ní gbà pé ọ́ktéènì nìkan ló fà á.

Epo fúnra rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ fura sí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́ẹ̀gì tí owó tirẹ̀ bá fi díẹ̀ dín. Bí wọ́n bá ti da kẹrosíìnì mọ́ ọn, ọ́ktéènì rẹ̀ á já wálẹ̀, nítorí kẹrosíìnì kò lè fara da ìfúnpọ̀ bíi bẹntiróòlù. Ẹ mú ilé epo kan tí èrò máa ń pọ̀ sí, tí epo kì í pẹ́ nínú táǹkì wọn, ẹ máa rà níbẹ̀, kí ẹ sì máa gba rìsíìtì. Ẹ jẹ́ kí epo tó wà nínú ọkọ̀ báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ẹ tó kún un, kí ẹ lè mọ ìyàtọ̀.

Bí ó bá ṣì ń dún, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ní sikánà, ẹ̀rọ tí ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ. Ẹ ní kó wo ihò EGR dáadáa, ìyẹn ọ̀nà tí díẹ̀ nínú èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà padà sínú sílíńdà, torí pé ihò yìí máa ń dí lára ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ti Honda àti Acura, bó bá sì dí, inú sílíńdà á gbóná jù, á sì máa dún. Kó yẹ púlọ́ọ̀gì wò bóyá irú èyí tí ìwé sọ ni, kó yẹ rédíétọ̀ wò, kó sì wo èédú tó ti lẹ̀ mọ́ orí písítìnì. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan máa ń gé wáyà rẹ̀ kí iná dáṣíbọọ̀dù lè kú. Ẹ má gbà fún wọn, torí ẹ́ńjìnnì yín kò ní gbọ́ ìró ewu mọ́.

Oògùn inú ìgò ńkọ́? Ẹ wò ó bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń fi “30 points” kún un. Mẹ́wàá irú point bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ ọ́ktéènì kan, nítorí náà mẹ́ta péré ni gbogbo rẹ̀. Òmíràn tún ní èròjà mẹ́tà kan tí ń lẹ̀ mọ́ ẹnu púlọ́ọ̀gì. Kafúrà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè di kóró padà nínú ọ̀nà epo, kó dí fílítà àti nọ́sùlù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún aṣọ inú àpótí.

Bí ẹ ṣe ń wakọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ní ọ̀nà Kabba sí Ọbájànà, tí tírélà sìmẹ́ńtì bá ń rá níwájú yín lórí òkè, tí ẹ wá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ lójijì kí ẹ lè ya á sílẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì ń jìyà jù. Ẹ kọ́kọ́ fa jíà wálẹ̀ kí ó lè yí dáadáa, kí ẹ tó rọra tẹ tọ́tù. Bí ẹ bá sì kó iṣu púpọ̀, ẹ tètè jí lọ kí oòrùn tó mú, torí afẹ́fẹ́ tútù máa ń dín ariwo yìí kù. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá wá ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọọ̀dù nígbà tó ń dún, ẹ dín eré kù lójú ẹsẹ̀, ẹ wá ibi tí kò léwu dúró sí, ẹ pa á, kí ẹ sì pe mẹkáníìkì yín.