Àǹtí, irọ́ ni mò ń kọ sínú ìwé oúnjẹ mi

Ọmọ mi ní Adó-Èkìtì, mo ka lẹ́tà rẹ. Ọmọ ọdún 21 ni ọ́. Ó ti pẹ́ tí o ti ń febi pa ara rẹ, bí o bá sì jẹun tán, o máa ń lọ bì í. Dókítà ní kí o máa rí onímọ̀ oúnjẹ ní ọsibítù, wọ́n sì fún ọ ní ìwé kí o máa kọ ohun tí o bá jẹ. O ń kọ iyán, o kò jẹ ẹ́. Màmá rẹ ní owó ọkọ̀ lò ń fi ṣòfò, pé ta ló ń kọ́ ọmọ Èkìtì ní iyán jíjẹ? O wá ń bi mí bóyá kí o má lọ mọ́.

Lọ. Mú ìwé náà dání, kí o sọ fún wọn pé irọ́ wà nínú rẹ̀. Bí ẹnu rẹ kò bá lè sọ ọ́, kọ ọ́ sójú ewé tó kàn: "Mi ò jẹ iyán ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo bì lọ́jọ́ Túsìdeè." Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ìwé yẹn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fi kún oúnjẹ rẹ. Bí oúnjẹ bá ya wọ ara tí ebi ti pa pẹ́, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fọ́sífétì àti potásíọ̀mù lè já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè la ẹ̀mí lọ. Èébì náà ń gbé potásíọ̀mù jáde, bẹ́ẹ̀ òun ló wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọkàn lù déédéé. Bí wọn kò bá mọ̀ pé ò ń bì, ta ló máa ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò? Bí o bá dákú, tí àyà rẹ ń lù kìkì, tàbí tí o rí ẹ̀jẹ̀ nínú èébì, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ. Ẹ̀ka pàjáwìrì ni kí o gbà lọ. (Má sì fọ eyín ní kété tí o bá bì tán, omi ni kí o fi yọ ẹnu.)

O ní síbí mẹ́ta péré, inú rẹ á ti wú. Òótọ́ ni. Ikùn tí kò rí oúnjẹ pẹ́ máa ń lọ́ra, jíjẹun déédéé ló sì ń tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí o máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́: ebi tó bá pẹ́ jù ló ń mú kí o jẹ àjẹjù lóru, kí o tún lọ bì í. Bí iyán bá ń dẹ́rù bà ọ́, sọ fún wọn. Ẹ lè fi ògì tàbí àsáró bẹ̀rẹ̀. Iyán kì í ṣe ìdánwò àṣekágbá.

Ti fídíò oúnjẹ tí ò ń wò di òru, o kò ya wèrè. Láàárín 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota l'Amẹ́ríkà, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ancel Keys dín oúnjẹ ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn kù fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ara wọn le, orí wọn pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ló kù lẹ́nu wọn, àwọn kan ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ìwé ìtàn. Ebi ló fà á.

Màmá rẹ kò burú o. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ọ lọ lẹ́ẹ̀kan, kí onímọ̀ oúnjẹ náà fúnra wọn ṣàlàyé fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n jókòó tì ọ́ bí o bá ń jẹun, àti fún wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí wọ́n sì yé sọ pé "ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti ń yọ." Oríyìn ni nílé wa, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ń gbé ọ lọ.

Onímọ̀ oúnjẹ nìkan kò tó. O kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Bi dókítà léèrè nípa rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.