Bíréèkì motor tó ń rọ̀ lórí gẹ̀rẹ́: ọ̀dọ̀ bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè yín yé mi dáadáa. Skateboard oníná tí ẹ fúnra yín tò ni, ó ní bátìrì 10S4P (sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá tẹ̀lé ara wọn, mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn) tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì Samsung 30Q ṣe, motor 190 Kv méjì (ìyẹn, volt kan ń yí i ní nǹkan bí ìgbà 190 ní ìṣẹ́jú kan), VESC méjì (ẹ̀rọ tó ń darí iná motor), táyà 83 mm, eyín 15 ní ọ̀dọ̀ motor àti eyín 36 ní ọ̀dọ̀ táyà. Ẹ ní bí ẹ bá ti ń sáré bọ̀ láti orí òkè, bíréèkì a rọ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí eré bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, á gbá yín mú lójijì débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú síwájú. Ẹ ti gbé Motor Current Max Brake (òpin iná tí motor lè lò fún bíréèkì) dé 80 A, síbẹ̀ kò sí ohun tó yí padà lórí gẹ̀rẹ́ náà. San Francisco ni mo ń gbé, ìlú tí ènìyàn kò ti lè lọ ra búrẹ́dì láìgun òkè kan tàbí láìsọ̀ lórí òmíràn, mo sì bá ìṣòro yìí kan náà jà pẹ́ kí n tó mọ ibi tó ti ń wá. Ìlà tí ẹ kò fọwọ́ kàn rárá, Battery Current Max Regen (òpin iná tí bíréèkì lè dá padà sínú bátìrì), tí ẹ kọ pé ó ṣì wà ní 4 A lórí VESC kọ̀ọ̀kan, ni ó ń dí bíréèkì yín lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, motor a di jẹnẹrétọ̀, iná tó bá sì pèsè gbọ́dọ̀ rí ibi kan wọ̀, bátìrì sì ni ibi náà. Iye iná tó ń wọ bátìrì ni iye iná inú motor lọ́nà duty cycle (ìdá volt bátìrì tí VESC ń fi sí motor, láti 0 dé 1), bẹ́ẹ̀ ni duty cycle a máa ga bí eré bá ṣe ń ga. Pẹ̀lú eyín àti táyà tí ẹ ní, nígbà tí ẹ bá ń sá 35 km/h, duty cycle á wà nítòsí 0.7. Bí ọ̀dọ̀ bátìrì kò bá gbà ju 4 A lọ, iná inú motor kò lè kọjá nǹkan bí 5.7 A, ohun yòówù kí ẹ kọ sí Motor Current Max Brake. Agbára tí motor méjèèjì fi ń fà yín sẹ́yìn nígbà náà kò ju newton 33 lọ (newton ni a fi ń wọn agbára tó ń fà tàbí tó ń ti nǹkan). Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè: bí ẹ̀yin àti pátákó náà bá jẹ́ kílò 85, tí gẹ̀rẹ́ náà sì ń sọ̀ mítà 10 nínú mítà 100, òkè ń fi newton 83 fà yín lọ sísàlẹ̀, atẹ́gùn àti yíyí táyà á gba bí 30 nínú rẹ̀, ó sì ku nǹkan bí 50. Newton 33 kò lè dá 50 dúró, nítorí náà eré yín ń pọ̀ sí i bí ẹ tilẹ̀ tẹ rìmóòtù dé òpin. Nígbà tí eré bá wá já sí ìrìn ẹsẹ̀ lásán, tí duty cycle di 0.1, 4 A yẹn kan náà á gba motor láyè láti lo 40 A, bí eré bá sì tún dín á gùn títí dé 80 A tí ẹ kọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbá yín mú lójijì.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ṣe sí pátákó yín lòdì sí ohun tí ẹ ti ṣe: mo máa gbé Regen sókè, mo sì máa já Motor Current Max Brake wálẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì 30Q kan kò gbọdọ̀ gba ju 4 A lọ nígbà tí iná bá ń wọ inú rẹ̀. Mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú bátìrì yín, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 16 A, tí VESC méjì á pín sí 8 A ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbàgbé pípín yìí, nítorí pé nọ́ńbà inú VESC kọ̀ọ̀kan dá dúró, ẹni tó bá kọ 16 sí méjèèjì ti kọ 32. Àwọn kan á sọ fún yín pé kò léwu, pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni bíréèkì ń lò. Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Lórí òkè gígùn tí ènìyàn ń tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Ní ti Motor Current Max Brake, 40 A tó yín. Lórí motor méjì, ó ń fúnni ní nǹkan bí newton 230, èyí tó lè gbé ẹni tó na orúnkún rẹ̀ ṣánṣán kúrò lórí pátákó.

Pẹ̀lú 8 A lórí VESC kọ̀ọ̀kan, ẹ ó ní nǹkan bí newton 66 ní 35 km/h. Ó ju 50 lọ, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú. Bí ẹ bá ń sá ìdajì eré yẹn, agbára náà á di ìlọ́po méjì, nítorí pé watt ni bátìrì ń kà, watt kan náà sì ń fúnni ní agbára tó pọ̀ sí i bí eré bá ṣe ń dín. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń tẹ bíréèkì kí gẹ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí n kò jẹ́ kí eré kọjá 20 km/h lórí rẹ̀. Òfin California tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2016 kò tilẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni gun pátákó oníná ju máìlì 15 ní wákàtí kan lọ, ìyẹn nǹkan bí 24 km/h, ó sì sọ àṣíborí di dandan.

Ẹnì kan gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ pààrọ̀ eyín motor sí èyí tó kéré. Ìyẹn á ràn yín lọ́wọ́ láti gun òkè, motor kò sì ní gbóná púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní fi nǹkan kan kún bíréèkì níbi tí eré bá ti ga, nítorí pé ọ̀dọ̀ bátìrì ni òpin wà.

Èyí tó burú jù ni bátìrì tó kún. Mo rí i lójú ara mi lórí Twin Peaks Boulevard. Àkọsílẹ̀ tí VESC ṣe sórí foonu mi fi hàn pé 41.8 V ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn kọ́nà kejì ó ti di 42.9, nítorí pé volt a máa gòkè sí i nígbà tí iná bá ń wọlé. Ọ̀pọ̀ BMS (ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì inú bátìrì) ló ń gé iná bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ti dé nǹkan bí 4.25 V. Tèmi gé e. Ohùn híhan motor dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pátákó fò síwájú lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ìmọ́lẹ̀ rìmóòtù sì ń tàn bí ẹni pé nǹkan kò ṣe. Koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló gbà mí. Láti ìgbà náà, waya tó lọ sí VESC kò gba inú BMS mi kọjá mọ́. Ṣáájì nìkan ni BMS ń bójú tó. Ṣùgbọ́n ìyẹn túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì nígbà tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì, àfi kí ẹ lo Battery Voltage Regen Cutoff tó wà nínú firmware tuntun (ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ) ti VESC, èyí tó ń dín bíréèkì kù díẹ̀díẹ̀ dípò kó já a.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú bátìrì. Sísọ̀ 200 mítà pẹ̀lú kílò 85 ń mú nǹkan bí 46 Wh (watt-wákàtí, ìwọ̀n iná tí bátìrì ń kó pamọ́) wá, atẹ́gùn, táyà àti ooru motor á sì gba bí ìdajì rẹ̀. Bátìrì yín jẹ́ 432 Wh. Bí ilé yín bá wà lórí òkè, ẹ yọ ṣáájì nígbà tí bátìrì bá wà ní ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wo bẹ́líìtì náà pẹ̀lú. Èyí tó fẹ̀ ní 15 mm kì í tètè fo eyín bí èyí tó jẹ́ 9 mm, bẹ́líìtì tó bá sì já ti mú bíréèkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí ìyẹn ni n kò ṣe fọkàn tán pátákó onímotor kan lórí òkè gíga.

Ẹ kọ́kọ́ dán àwọn nọ́ńbà tuntun náà wò lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, lẹ́yìn náà lórí gẹ̀rẹ́ kékeré tó parí sí ibi tó tún ń gòkè. Bí bíréèkì bá ṣì rọ̀ ní 20 km/h, ẹ fi àkọsílẹ̀ VESC ránṣẹ́, kí duty cycle, motor current, battery current àti volt hàn nínú rẹ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, èmi yóò bá yín kà á.